Katakata Ìjọba Kò Gbọdọ̀ Rí Ẹ̀wọ̀n

"Bàbá, bí katakata bá gun tírélà, tí ẹ̀yin náà bá gun katakata, kí lẹ ń wà nígbà náà?"

Theresa, ọmọ ọdún márùn-ún, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú òkèlè iyán lẹ́nu. Bàbá rẹ̀, Ọlọ́runlékè, wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, wo inú àwo ọbẹ̀. Priscilla, aládùúgbò wọn tó wá fọn iná, kọrí sílé rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé òun kò mú iná dání.

Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Ní gbogbo Kàbà lọ́dún 1956 yẹn, Ọlọ́runlékè nìkan ló mọ katakata, ọkọ̀ tó ń kọ ilẹ̀ oko, wà. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi kọ́ ọ nílẹ̀ Haúsá. Ohun tí wọ́n sì kọ́ ọ níbẹ̀ ni pé bí katakata bá ti gun tírélà tán, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó fa bíréèkì, kí ó dì í mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì bọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́mìí kì í jókòó lórí ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni àṣẹ jáde láti ọ́fíìsì pé ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí lọ́rì bá ń fi tírélà fa katakata kékeré tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sí Ìyàrá fún ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ oko, Ọlọ́runlékè gbọ́dọ̀ jókòó lórí rẹ̀. Kí ó wọ kakí. Kí ó di sítíárìn mú, kí ó sì máa yí i sọ́tùn-ún, kí ó máa yí i sósì.

"Kí ni ẹ ó máa yí i fún?" Ọmọ́ṣọlá béèrè lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ fọ ọwọ́.

"Ọ̀gá ní kí àwọn ará ọ̀nà má baà rò pé òkú ni ìjọba ń gbé kọjá."

Ọmọ́ṣọlá kò rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá wá ṣubú ńkọ́?"

"Mo ti tẹ ìka sí ìwé. Bí katakata bá já bọ́, tàbí bí ohunkóhun bá ṣe ẹni tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀bi mi ni, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ."

"Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kú ńkọ́?"

Ọlọ́runlékè ro ó títí. "Ó dà bíi pé wọ́n á ti òkú mọ́lé."

Láti alẹ́ yẹn ni oorun ti sá nílé wọn. Bí Ọlọ́runlékè bá yí síhìn-ín, Ọmọ́ṣọlá á yí sọ́hùn-ún. Isaiah ọmọ ọwọ́ á jí, á ké. Theresa á jí wá wo ohun tó ń ké. Ohun kan ṣoṣo ni Ọmọ́ṣọlá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́sẹ̀ náà: kí ọkọ òun sùn sílé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe inú kòtò, kì í ṣe ilé ẹ̀wọ̀n. Orí ẹní tiẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tó máa ń sùn sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ ọ̀gá tó pa irú àṣẹ báyìí, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní dárí jì yín bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Jethro Bámigbóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ìyàrá. Àpò òwú ló ń kà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò nídìí òwú, ó fún ara rẹ̀ ní oyè kan tí Philip Olúbọ̀dé akọ̀wé rẹ̀ ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó kà á parí: Alábòójútó Àgbà fún Ohun Gbogbo Tó Ní Ẹ́ńjìnnì, Táyà àti Irin, Tí Ìjọba Kó Wá sí Ìhà Wa. Ohun gbogbo yẹn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, kò ju katakata kan lọ, pẹ̀lú bárò méjì tí ọ̀kan kò ní táyà, àti aago ara ògiri kan tó ti kú.

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ìkíni kan wà tó tó gbogbo ènìyàn: okun. Òun la fi ń kí ọba, òun la fi ń kí olóko, òun la fi ń kí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Òun náà ni àwọn ará ibòmíràn gbọ́ lẹ́nu wa títí tí wọ́n fi sọ ọ́ di orúkọ wa. Ṣùgbọ́n Bámigbóyè rí i pé ẹyọ kan kéré fún ènìyàn bíi tòun. Okun mẹ́ta ló ń gbà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gba mẹ́ta sí i nídìí tábìlì, ó sì ń ju áńkáṣífù funfun sókè láti dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lóhùn. Bí ó bá ń mu omi lọ́wọ́ nígbà tí ẹ kí i, ẹ ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn lọ bẹ̀rẹ̀. Ní ti Philip, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: láti máa ké "Ránkàdédé!" bí ọ̀gá bá wọlé, àti láti máa dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà" sí ohunkóhun tí ọ̀gá bá sọ. Bí ọ̀gá bá sín, Philip á ní ó sín dáadáa.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Ọlọ́runlékè lọ sí ọ́fíìsì náà, ó san okun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì sọ ohun tó gbé e wá.

"Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ni mo fẹ́ gbà ní sítọ́ọ̀, sà. Méjì fún iwájú, méjì fún ẹ̀yìn."

Bámigbóyè yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tí a ó fi di katakata."

"Kí ni katakata jí?"

"Háà!" ni Philip wí. "Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Kí ni ó jí?"

"Kò jí nǹkan, sà. Kó má baà já bọ́ lójú ọ̀nà ni."

Ọ̀gá dìde. Bí ó bá sì ti dìde, bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn méjì àti òkú aago ló wà nínú yàrá náà. "Èmi Jethro! Èmi tí wọ́n yọ nínú òwú tí wọ́n gbé sínú irin! Kí n mú katakata, àkọ́bí ọ̀làjú, kí n sì fi ẹ̀wọ̀n mú un wọ ìlú baba mi bí ọ̀daràn? Ìyàwó tí à ń sìn lọ sílé ọkọ, ṣé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ là ń kó sí i lẹ́sẹ̀? Rárá o! Katakata ìjọba kò gbọdọ̀ rí ẹ̀wọ̀n!"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!"

"Ènìyàn ló ni ẹ̀wọ̀n," ni ọ̀gá wí, ó sì fi ìka kan ìwé tí Ọlọ́runlékè tẹ̀. Ó ti ká a, ó sì ti fi í sápò àyà.

Ọlọ́runlékè bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀gá fi gbà pé kí ó lo okùn. Méjì péré: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n sì jẹ́ funfun. Ó ku ibi tí katakata yóò dúró sí. Ọlọ́runlékè ní ẹrù máa ń sún síwájú díẹ̀ lórí tírélà ni, kí ìkọ́ lè tẹ ìdí lọ́rì mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ní lọ́rì yóò bò ó lójú nígbà náà. Ìdí tírélà pátápátá ni kó wà, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

"Sà, bí ìdí bá wúwo jù, ṣe ni tírélà á máa jó."

"Kó máa jó," ni Bámigbóyè wí. "Ṣebí ayẹyẹ là ń lọ?"

Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ọ̀gá ti ní kí obìnrin mẹ́wàá jókòó sẹ́yìn lọ́rì, kí wọ́n kọjú sí katakata, kí wọ́n máa kọrin ìyìn. Ọmọ́ṣọlá wá ọ̀nà títí ó fi wà lára wọn. Ó gbé àwọn ọmọ fún Priscilla, ó ní bí òun kò bá lè dá ewu dúró, òun á kúkú wà níbẹ̀ láti rí i. Orin tí Philip ṣe fún wọn rèé:

Bámigbóyè gbé irin dé o,
Irin gbé Bámigbóyè dé o!

Thomas, awakọ̀ lọ́rì, fa tírélà dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọlọ́runlékè fi òkúta há táyà tírélà níwájú àti lẹ́yìn, ó gbé pákó méjì tó nípọn tì í, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n wò, ó lé gbogbo ènìyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gun katakata, ó rọra ń gùn bọ̀ lórí pákó. Nígbà tó dé àárín, áńkáṣífù funfun fò sókè.

"Dúró níbẹ̀! Kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ná!"

Ọlọ́runlékè kò dúró. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ kì í dúró láàárín láti gba àlejò. Ó gùn ún dókè, ó fa bíréèkì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ń nu òógùn.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Tún un gùn. Kí o sì dúró láàárín."

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún un gùn, ó dúró láàárín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pákó ọ̀tún ké kẹ̀ẹ́rẹ̀ẹ́. Ọmọ́ṣọlá ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ. Nígbà tí katakata dé òkè lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ìyá Theresa, ìró tuntun lo fi ń jẹun yẹn o."

Ọlọ́runlékè so okùn rẹ̀ méjèèjì, ó fà wọ́n le koko, ó kó òkúta mẹ́rin há ẹsẹ̀ katakata. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó òkúta náà sílẹ̀. Ó ní òkúta ha wọ́n ní Ìyàrá tí àwọn fi ní láti gbé e wá láti Kàbà?

Wọ́n gbéra. Ọ̀gá àti Philip jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thomas. Ọmọ́ṣọlá àti ọkọ rẹ̀ wá ń wo ara wọn lójúkojú, òun lẹ́yìn lọ́rì, ọkọ lórí katakata, pẹ̀lú eruku láàárín wọn. Tírélà náà kò sì purọ́: ó jó. Bí lọ́rì bá yà sọ́tùn-ún, ìdí tírélà á lọ sósì bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ tó ń bọ̀ lódò. Ọlọ́runlékè ń yí sítíárìn bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Àwọn olóko dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wo ọkùnrin tó ń wa ohun tí kò lọ síbi kankan. Ọmọ́ṣọlá ń fi ẹnu kọrin, ó ń fi inú gbàdúrà, nígbà mìíràn méjèèjì á dà pọ̀, á di "Bámigbóyè, Olúwa, gbé irin dé o."

Wọ́n kò tíì rìn jìnnà tí Ọlọ́runlékè fi pariwo pé kí wọ́n dúró kí òun wo okùn wò. Okùn tuntun máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Ọ̀gá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní ọkọ̀ ìjọba kì í dúró fún okùn.

Ó dúró fún agboòrùn ṣá. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè tó kọjú sí Ìyàrá, tí wọ́n ń gbọ́ fèrè àwọn ọmọ ilé ìwé, Bámigbóyè ní kí wọ́n dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé agbádá funfun wọ̀, èyí tó fẹ̀ tó aṣọ àgọ́.

"Sọ̀ kalẹ̀," ló wí fún Ọlọ́runlékè. "Èmi ni ìlú ń dúró dè."

Ọmọ́ṣọlá mí èémí àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti ọ̀gá lẹ́yìn, wọ́n fà á lọ́wọ́, títí ó fi bá ara rẹ̀ lórí àga katakata. Ó jókòó, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Irin kan ń kàn án lórúnkún, ó tì í. Òmíràn ń gún un lẹ́sẹ̀, ó fi bàtà ta á nípàá, ó dún táká.

"Bíréèkì nìyẹn, sà!" Ọlọ́runlékè kígbe.

"Ó ti yà fún mi báyìí. Philip! Agboòrùn!"

Philip gbé agboòrùn ńlá aláwọ̀ pupa jáde, èyí tó ní wajawaja létí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wá ohun tí yóò fi so ó. Ọ̀gá sì wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé okùn iwájú gba ìtòsí orúnkún òun kọjá, ó ń rún òun lágbádá.

"Tú eléyìí. Fi so agboòrùn."

Ọlọ́runlékè kúnlẹ̀ sójú títì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Okùn yẹn ló ń di katakata mú kó má fà sẹ́yìn. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí odò yẹn, a tún máa gun òkè wọ̀lú."

"Ta ló tẹ ìwé?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló wá kàn mí?"

Philip tú okùn. Ó fi í so agboòrùn mọ́ ẹ̀yìn àga, ó so ó dáadáa. Ọlọ́runlékè lọ jókòó níwájú lọ́rì bí ẹni tó ń lọ síbi ìdájọ́, Philip sì jókòó tì í. Ọmọ́ṣọlá tún dá èémí rẹ̀ dúró. Bí ọ̀gá yìí bá ṣubú, ilé ẹ̀wọ̀n Kàbà ni ọkọ òun á sùn lálẹ́ òní.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé odò, wọ́n gba orí afárá kọjá láàárín fàdámà, àbàtà tí wọ́n gbin ìrẹsì sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè wọ ìlú. Gbogbo Ìyàrá wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn àgbà jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú òyìnbó àgbà kan tó wá láti Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá ti rí i: katakata fà sẹ́yìn. Ìbú ọwọ́ kan. Ó dúró. Ó tún fà, ìbú ọwọ́ méjì. Okùn ẹ̀yìn ti dẹ̀ jọwọlọ bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Okùn!" Ọmọ́ṣọlá kígbe. "Ọ̀gá, okùn!"

Bámigbóyè ju áńkáṣífù sókè. "Okun o! Okun, ìyá!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èdè wa lórí ìjókòó jẹ́jẹ́, ẹ ó ní ọ̀tọ̀ ni ohùn ìkíni, ọ̀tọ̀ ni ohùn okùn ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá gun lọ́rì tó ń gun òkè, kí fèrè máa dún, kí obìnrin mẹ́wàá máa ké lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá fi ìyàtọ̀ hàn mí.

"Okùn! Okùn!" ni gbogbo àwọn akọrin ń ké, wọ́n ń nàka.

"Okun o! Okun! Ó kéré, ẹ gbé e sókè!"

Wọ́n gbé e sókè. Àwọn ará ìlú gbọ́ ọ, inú wọn dùn pé àlejò ń kí wọn, àwọn náà sì dáhùn tọkàntọkàn: "Okun o! Ẹ okun o!" Ọ̀tún ń kí, òsì ń jẹ́, ọmọdé ń kí, arúgbó ń jẹ́. Katakata ti fà sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì.

"Ọ̀gá, kò sí okùn!" Ọmọ́ṣọlá ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Kò sí okun kẹ̀? Èwo ni mo ti ń jẹ́ láti àárọ̀?"

Ọmọ́ṣọlá yí ọ̀rọ̀ padà. "Ẹ dúró! Ẹ dúró!"

Gbogbo àwọn àgbà tó wà lábẹ́ àtíbàbà gbọ́ ọ, wọ́n dìde dúró. Òyìnbó rí wọn, òun náà dìde. Omijé ayọ̀ lé sójú Bámigbóyè. Gbogbo ìlú baba rẹ̀ dìde fún un!

Nígbà náà ni Ọmọ́ṣọlá bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu orí lọ́rì gbàgbàgbà. Ọlọ́runlékè gbọ́ ọ níwájú. "Thomas, má tẹ bíréèkì lójijì o! Rọra dúró. Rọra." Thomas rọra dúró. Katakata ní tirẹ̀ kò dúró. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sí etí tírélà, ìdí tírélà tẹ̀ wálẹ̀, ìdí lọ́rì sì gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mẹ́wàá, tí mẹ́sàn-án ké pe Jésù. Ẹ̀yìn tírélà kan ilẹ̀, ó dà bíi pákó tí wọ́n tẹ́, okùn ẹ̀yìn já bí òwú, katakata sì fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tí wọ́n pè. Ènìyàn pín sọ́tùn-ún sósì. Ó ń lọ láàárín wọn, agboòrùn pupa lókè, agbádá ń fẹ́, ọwọ́ áńkáṣífù ṣì wà lókè, "Okun o! Okun o!", ó yà kúrò lójú títì, ó wọ inú fàdámà, pọ̀ṣọ̀ọ̀! Ẹrẹ̀ mu ún dé ìdajì táyà. Ó dúró.

Fèrè bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀lọ́ kan dún.

Philip sáré dé etí ẹrẹ̀, bàtà lọ́wọ́. "Ránkàdédé! Ẹ̀yin ènìyàn Ìyàrá, ọ̀gá ti ṣí iṣẹ́ oko! Ọ̀làjú tuntun ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀!"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá la àárín wọn kọjá. Elizabeth ni, ìyá tó bí Bámigbóyè.

"Jethro! Ta ló ní kí o wá jókòó sínú ìrẹsì mi?"

"Ìyá, okun o."

"Okun ní ẹnu ẹ! Ọmọ tí mo rán lọ sílé ìwé! Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀!"

Kò lè sọ̀ kalẹ̀; agbádá ti kọ́ irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni òyìnbó bá a, ó béèrè, Philip sì ń túmọ̀: ta ló di katakata yìí? Bámigbóyè ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó fa ìwé jáde. "Ọlọ́runlékè ni! Ìka rẹ̀ rèé lórí ìwé!" Dògarí méjì, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, di Ọlọ́runlékè lápá. Òyìnbó tún béèrè pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń kígbe nǹkan, kí ni wọ́n ń sọ? Kí Philip tó la ẹnu, ọ̀gá ti dáhùn.

"Wọ́n ń kí mi ni. Mo sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọmọ́ṣọlá kò bá òyìnbó sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ó rí ọwọ́ dògarí lápá ọkọ rẹ̀, ó sì fò bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì. Ó wọ inú ẹrẹ̀, ó mu ún dé orúnkún, ó gun katakata, ó tú okùn funfun kúrò lára agboòrùn. Agboòrùn wó lu ọ̀gá, ó bò ó dé èjìká. Ọmọ́ṣọlá padà jáde, ó na okùn náà sí òyìnbó.

"Èyí là ń pè, sà. Okùn. Ọkọ mi so ó mọ́ katakata. Ọ̀gá ní kí wọ́n tú u so mọ́ agboòrùn. Akọ̀wé yìí ló tú u."

Philip túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ìgbà tó parí ló tó mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Òyìnbó yíjú sí i: ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹnu Philip ti ń lọ sọ́nà kan. Kò dúró de ẹni tó ni ín.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

Òyìnbó wo okùn, ó wo agboòrùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó àtíbàbà mú. Dògarí tú Ọlọ́runlékè sílẹ̀. Gbogbo Ìyàrá ń rẹ́rìn-ín, Elizabeth náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọ̀pá nu ojú. Lábẹ́ agboòrùn, ohùn kan ń béèrè pé, "Philip, ṣé wọ́n ṣì ń kí mi?"

Ìwé dé láti Lọ́kọ́ja lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n dá Bámigbóyè padà sídìí òwú. Oyè rẹ̀ di ọ̀rọ̀ mẹ́rin: Ẹni Ń Ka Òwú. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Kò sí ibi tó lè gbà ní gbogbo ilẹ̀ wa tí wọn kò ní kí i. Bí ọmọdé bá sì ti ní, "Bàbá, okun o," ọ̀gá á dúró, á wo òkè, á wo ẹsẹ̀, á wo ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni yóò rọra béèrè pé, "Èwo nínú méjèèjì?"

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n fi okùn àti ọgbọ̀n ọkùnrin fa katakata jáde nínú ẹrẹ̀. Òyìnbó ní kí Ọlọ́runlékè gbé e padà bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n yá ẹ̀wọ̀n mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó ń fa gẹdú. Ó sún un síwájú, ó pa á, ó fa bíréèkì, ó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí ẹni tó gun orí rẹ̀. Wọn kò tíì rìn tó máìlì kan tó fi ní kí Thomas dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan wò. Ọmọ́ṣọlá náà bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ó gbá ohun tí ọkọ gbá. Tírélà kò jó mọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n wọlé ní Kàbà. Priscilla ti sùn lọ sórí àpótí pẹ̀lú Isaiah láyà. Theresa ní òun ń dúró de bàbá òun lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dúró títí, ó fi ògiri ṣe ìrọ̀rí. Ọlọ́runlékè gbé e wọlé. Ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó jẹ òkèlè kan, ó jẹ èkejì; ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ọmọ́ṣọlá gba òkèlè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó fọ ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó fa ọkọ dé orí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tẹ́ ẹní kékeré fún Priscilla náà. Ó tẹ́tí: ọ̀kan ń mí, èkejì ń mí, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin ń han-an-run. Kò ku ẹnì kan níta. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín wọn, ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọpẹ́ tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Olúwa," ló wí, kò sì dé ọ̀rọ̀ kejì.